Báwo lẹ ṣe ń ṣe àwọn tó ń la bọ́ọ̀lù pickleball mọ́ èèyàn nídìí nẹ́ẹ̀tì?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Maryland ni mo wà, èmi àti ọkọ mi la jọ ń gbá pickleball, eré bọ́ọ̀lù oníke tí wọ́n ń gbá kọjá nẹ́ẹ̀tì bíi tẹ́níìsì, ní páàkì àdúgbò wa. Tó bá jẹ́ jẹ́jẹ́ la ń gbá a, ó ń lọ dáadáa, wàhálà wa ni géńdé méjì kan tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù yòówù kó kàn wọ́n, wọ́n á là á mọ́ wa láyà ni, kí n tó gbé paddle, ìyẹn pátákó tá a fi ń gbá a, sókè ó ti bà mí léjìká, èyí tí mo bá sì rí gbá á fò kọjá ìlà ẹ̀yìn. Ọkọ mi ní ká máa sún sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Houston: Ẹ má sún sẹ́yìn rárá, ẹsẹ̀ yín ni wọ́n á máa gbá a sí. Ẹ dúró létí ìlà kíṣìnì yẹn, ìyẹn àyè ìdí nẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í ti gbá bọ́ọ̀lù tí ò tíì balẹ̀, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí paddle ti wà níwájú àyà yín kí wọ́n tó gbá a. Backhand, ìyẹn ẹ̀yìn ọwọ́, ni kẹ́ ẹ fi gba èyí tó bá kọjú sí àyà. Ẹ má wá ju apá o! Ẹ rọra dì í mú bí ẹni mú ẹyin, agbára ti wà lára bọ́ọ̀lù yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ ṣáà kọ ojú paddle sí i, á rọra já sí kíṣìnì tiwọn.

Màmá Ìbejì: Òótọ́ ni. Àmọ́ èyí tó bá ń sáré bọ̀ ní gíga èjìká, ẹ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, áòtù ni lọ́pọ̀ ìgbà, torí ẹsẹ̀ bàtà 15 péré ló kù láti ìlà kíṣìnì dé ìlà ẹ̀yìn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ dáadáa o, tó bá fara kàn yín kó tó balẹ̀, àwọn ló borí níbẹ̀ yẹn. Ẹ sì wọ awò ojú, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá Àtọ̀: Ẹ tún wo bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ̀ ń fún wọn. Tí kò bá ga, wọn ò rí nǹkan là. Àárín ni kẹ́ ẹ máa gbá a gbà, nẹ́ẹ̀tì ò ju íǹṣì 34 lọ níbẹ̀, 36 ni lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Tó bá wá já sáàárín àwa méjèèjì ńkọ́? A máa ń wo ara wa ni.

Bọ̀dá Àtọ̀: Ṣé ọwọ́ ọ̀tún lẹ̀yin méjèèjì fi ń gbá a? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lápá òsì ni kó gbá a, torí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló wà lápá àárín, kó sì pariwo “tèmi” kó tó débẹ̀.