Ìwé ìtàn àròsọ ń wọlé sí mi lórí, físíìsì kọ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. SS2 ni mo wà n'Íbàdàn, kíláàsì sáyẹ́ǹsì, torí dádì mi fẹ́ kí n di dókítà, èmi náà ò sì lè sọ pé rárá nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ ìwé ìtàn, mo lè kà á mọ́jú. Lálẹ́ àná tí wọ́n múná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ka èyí tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, ojú ewé méjì àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ sí mọ́, mo ṣáà kà á lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì títí bátìrì fi kú. Àmọ́ kí n ṣí físíìsì báyìí, oorun ti dé nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ṣe mẹ́dísìn gbọ́dọ̀ ṣe físíìsì, kẹ́místrì àti bàọ́lọ́jì mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní JAMB, ní tèmi físíìsì 31 ni mo gbà ní táámù tó kọjá (mi ò tíì fi rísọ́ọ̀tì ọ̀hún han dádì, ẹ má bínú). Tíṣà lítíréṣọ̀ ní kí n máa bọ̀ ní kíláàsì áàtì àwọn, àmọ́ tíṣà kíláàsì mi ní ó ti pẹ́ jù láti yí kíláàsì padà, SS3 la máa fi orúkọ sílẹ̀ fún WAEC.

Ẹni tó ti yí kíláàsì padà ní SS2 rí ńkọ́, ṣé ẹ rí i lé bá? Báwo lẹ sì ṣe sọ fún bàbá yín?