Mánéjà ní kí n wá sí mítìn nítorí ọ̀rọ̀ trans tí mo sọ níbi iṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tèmi, Manchester

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 18, ń gbá bọ́ọ̀lù nínú tíìmù àwọn obìnrin ládùúgbò wa, líìgì ọjọ́ Sunday lásán ni, ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Gólkípà wọn, obìnrin trans ni, ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó wá ní obìnrin lòun. Nígbà tí FA, àjọ bọ́ọ̀lù England, wá ní láti 1 June 2025 àwọn obìnrin trans ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù obìnrin mọ́ ní England, kóòṣì ní kó lọ jókòó. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹkún ni ọmọ tèmi ń sun. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni, ó ní kí ló tiẹ̀ le lára ẹ̀, ṣebí bọ́ọ̀lù ń wọlé lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni ń da omi. Bí ìjà ṣe bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wa nìyẹn, ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ò fi kí mi dáadáa.

Ó ti tó oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ìjà ọ̀hún ò tán. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Sunday tó kọjá, mo wá gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Monday (kéà hóòmù ni mò ń ṣe). A ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ ni mo ń sọ fún ẹnì kejì mi pé ṣé ẹ rí i pé ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn, ọkùnrin ọkùnrin ni, obìnrin obìnrin ni, kí kálukú padà sáyè ẹ̀. Máíkírówéèfù dún lẹ́yìn mi, mo yíjú padà, ẹni tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló dúró níbẹ̀, trans lòun náà. Ó gbé oúnjẹ ẹ̀, ó jáde. Kí n tó délé, mánéjà ti fi íméèlì ránṣẹ́ pé mítìn wà ní Thursday. Wọ́n tún fi kún un pé mo ti ń pe ẹni yẹn ní "he" látọjọ́ yìí. Ọlọ́run gbọ́, màmá tó bí mi gan-an, "he" ni mò ń pè wọ́n tí mo bá ń sọ̀rọ̀ wọn lóyìnbó! CoS mi, ìwé sípọ́ńsọ̀ tí físà mi dúró lé, ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ gbà mí o.

Alhájì Peckham

Kí lo sọ tó burú níbẹ̀? Supreme Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní UK, ló sọ ọ́, 16 April 2025, adájọ́ márùn-ún, ẹnu wọn kò, kò sí ẹni tó yapa. Sọ fún mánéjà ẹ pé kó lọ bá àwọn adájọ́ jà. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà wá tó ní ìlú yìí.

Àǹtí HR, Milton Keynes

Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé kìíní lẹ kà, ẹ ti pa ìwé dé. Ìyá Tèmi, má gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu, iṣẹ́ mi nìyí láti ọdún 11.

Ohun tí ilé ẹjọ́ yẹn sọ ni pé nínú Equality Act 2010, tí òfin bá ti dárúkọ obìnrin tàbí ọkùnrin, bí wọ́n ṣe bí ẹni náà ló ń sọ. Ó tán. Inú ìdájọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti sọ pé òfin ṣì ń dáàbò bo àwọn trans, wọn ò kúrò lábẹ́ ẹ̀. Ohun mẹ́sàn-án ni òfin yẹn kà sílẹ̀ tí wọn ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ fìyà jẹ èèyàn: àwọ̀ àti ìran tìẹ wà níbẹ̀, ẹ̀sìn àti ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ orí, àìlera, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn trans náà wà níbẹ̀, kò sì dìgbà tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ kó tó kàn wọ́n. Kí ẹni náà ti lóun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti tó. Òfin tí ò jẹ́ kí ọ̀gá ẹ fi àwọ̀ ẹ bú ẹ náà ni ò jẹ́ kó o bú ẹni yẹn.

Ìgbàgbọ́ ẹ náà o, òfin mọ̀ ọ́n. Ní 2021 obìnrin kan tó ń jẹ́ Maya Forstater jàre ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn ti àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní kéèyàn gbà pé ìbí ò ṣe é yí padà, ìgbàgbọ́ tí òfin ń bọ̀wọ̀ fún ni. Nítorí náà wọn ò lè lé ẹ torí ohun tó wà lọ́kàn ẹ. Àmọ́ ní 2022, ilé ẹjọ́ yẹn náà ló dá ẹjọ́ dókítà kan, David Mackereth, Kìrìsìtẹ́nì ni, tó lóun ò ní fi orúkọ àti "she" tí àwọn trans fẹ́ pè wọ́n níbi iṣẹ́ tó gbà lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ ẹ̀ ò ní wàhálà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn tó gbà á síṣẹ́ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó fìdí rẹmi. Ṣé o ti rí ibi tí ààlà wà? Ọkàn ẹ, tìẹ ni. Ẹnu ẹ níbi iṣẹ́ ni wọ́n ń wò, pàápàá tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá dúró lẹ́yìn ẹ.

Ohun tó o máa ṣe báyìí. Dá íméèlì yẹn padà lónìí, béèrè lọ́wọ́ wọn ní àkọsílẹ̀ bóyá ìwádìí lásán ni mítìn yẹn àbí ti ìbáwí. Ìdí tí mo fi ní kó o béèrè ni pé tó bá jẹ́ ti ìbáwí, òfin fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹnì kan dání, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí aṣojú yúníọ̀nù. Tó bá jẹ́ ìwádìí, ó kù sọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ṣì béèrè. Kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ òní kó o tó gbàgbé, àkókò, ta ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó o sọ gan-an, má dín in kù, má bù kún un. Tó o bá ti wà nínú yúníọ̀nù, pè wọ́n. Tó ò bá sí, ó ti pẹ́ fún eléyìí, wọn kì í sábàá gba ẹjọ́ àná lọ́wọ́ ẹni tó wọlé lónìí, ṣùgbọ́n wọlé síbẹ̀. Ní mítìn, má gbé Bíbélì, má gbé Supreme Court. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kó o sọ, bẹ ẹni tó dùn, kó o dákẹ́.

CoS yẹn náà ni kó o máa rántí. Tí wọ́n bá lé ẹ, wọ́n á fi tó Home Office létí, ọjọ́ 60 ló sábàá máa ń ṣẹ́ kù fún èèyàn láti rí sípọ́ńsọ̀ mìíràn. Àwíjàre nínú chọ́ọ̀ṣì ò ní sanwó ilé ẹ.

Sístà Bùkọ́lá, nọ́ọ̀sì, Leeds

Ti "he" àti "she" yìí ni kí n bá wa dá sí, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí ò bá a pàdé. "Ó" là ń pe ọkùnrin, "ó" là ń pe obìnrin, ewúrẹ́ "ó", mọ́tò "ó". Tó bá jẹ́ àgbà, "wọ́n". Ahọ́n wa ò kọ́ ibẹ̀ láti kékeré. Ọdún àkọ́kọ́ mi ní wọ́ọ̀dù, mò ń jábọ̀ fún àwọn tó ń gba ṣífù lọ́wọ́ mi, mo ní bàbá onírùngbọ̀n tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, "she has opened her bowels". Bàbá jí, ó ní ta ni "she"? Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Látìgbà yẹn, orúkọ ni mò ń pe kálukú. Tí mi ò bá dá a lójú, mo á pe orúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú gbólóhùn kan, kò sí ẹni tó kú.

Nítorí náà, Ìyá Tèmi, sọ ọ́ fún wọn ní mítìn, ní tààrà, pé nínú èdè tó o fi dàgbà kò sí ìyàtọ̀, pé o máa ń ṣì í fún gbogbo èèyàn, kó o sì dárúkọ ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Ohun tó dára jù ni kéèyàn sọ èyí fún mánéjà lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹjọ́ bá délẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ṣíṣì pè wà, mímọ̀ọ́mọ̀ pè wà. Ẹni tó ṣì í pè á ní "ẹ̀ẹ́hn, sorry", á lọ. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ á tẹ ẹnu mọ́ ọn. Àwọn òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Bọ̀dá Lékè, Houston

Gbogbo yín ń sọ ti ibi iṣẹ́, ẹ ti gbàgbé ọmọ. Ọmọbìnrin mi ń sáré, 100 àti 200 mítà, agogo márùn-ún ìdájí ni mo fi ń gbé e lọ síbi ìdánrawò, ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára ni. Ẹ wo àkọsílẹ̀ 100 mítà: Usain Bolt sá ìṣẹ́jú àáyá 9.58 ní 2009, Florence Griffith-Joyner sá 10.49 ní 1988, kò sì tíì sí obìnrin tó sá ju ìyẹn lọ títí di òní. Gbogbo eré sísá ló rí bẹ́ẹ̀, bíi 10 nínú 100 ló wà láàárín wọn lókè lọ́hùn-ún, ìgbà tí ọmọkùnrin bá bàlágà ni àlàfo yẹn sì ń ṣí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò sí nǹkan tó fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n. Tó bá ti di ọdún 15, ó parí. Egungun ti gùn, èjìká ti fẹ̀, kò sí oògùn tó ń sọ ẹni gíga di kúkúrú. Nígbà tí wọ́n bá ń lo oògùn láti rẹ testosterone sílẹ̀, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ á dín kù láàárín oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n agbára iṣan ò tètè lọ, ọdún kan ò tó.

Ìdí nìyẹn tí World Athletics, àjọ eré sísá àgbáyé, fi ti ilẹ̀kùn ní 2023 fún ẹni tó bá ti bàlágà bí ọkùnrin. Texas níbí ti ṣòfin ẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé láti 2021. Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí àlàfo yẹn wà nínú ìwé, kí ló dé tá a fi yọ eré obìnrin sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Toronto

Bọ̀dá Lékè, mo gbà fún yín lórí ìbàlágà. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n? FA fúnra wọn, nígbà tí wọ́n gbé òfin yẹn jáde ní 2025, obìnrin trans tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ò pé 30 ní gbogbo England. Laurel Hubbard, obìnrin trans ọmọ New Zealand, lọ gbé irin ní Olympics Tokyo, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀mẹta ló já, ó padà sílé lọ́wọ́ òfo. Quinn tiwa tó gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù pẹ̀lú tíìmù bọ́ọ̀lù obìnrin Canada ní Tokyo yẹn náà, trans ni, àmọ́ ìbí obìnrin ni, ta ló ráhùn?

Ẹ sì wo ibi tó ń bá wa dé. Láti 1 September 2025, gbogbo obìnrin tó bá fẹ́ sáré níbi ìdíje àgbáyé gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò jíìnì SRY, èyí tí ọkùnrin sábàá máa ń ní, wọ́n á fi òwú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ nínú tàbí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láyé ẹ̀. Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wa, tó ń fo ìdènà ní 100 mítà, tó mú àkọsílẹ̀ àgbáyé 12.12 sọ́wọ́, òun náà wà lábẹ́ ẹ̀ kó tó lọ gba sílífà níbi ìdíje àgbáyé ti 2025 ní Tokyo. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má da Caster Semenya, obìnrin asáré ọmọ South Africa, mọ́ ọn, kì í ṣe trans, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ní July 2025 ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ pé ilé ẹjọ́ Switzerland ò gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ló ti jẹ ìyà irú àyẹ̀wò yìí.

Ká tiẹ̀ sọ tilé wa. Ṣé àwọn ẹlẹ́gùn Ṣàngó ọkùnrin kọ́ ló ń dirun bí obìnrin, tá à ń pè ní ìyàwó òrìṣà? Ojú wa ti rí i rí.

Bọ̀dá Lékè, Houston

Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ò bá ọmọ mi sá 100 mítà.

Alhájì Peckham

😂😂 Ọmọ Ọ̀yọ́, ó ti bá ẹ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Toronto

Mo gba ìyẹn fún yín sà.

Àǹtí HR, Milton Keynes

Ẹ̀rín tó mi o. Ṣùgbọ́n ohun tí Bọ̀dá Lékè ń wí, òfin ibí ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ tó ti pẹ́, Alhájì, kì í ṣe 2025 ló bẹ̀rẹ̀. Section 195 nínú Equality Act 2010 ló gbà kí wọ́n ya eré ìdárayá sọ́tọ̀ níbi tí agbára, ìfaradà àti bí ara ṣe rí bá ti lè mú kí ẹ̀yà kan jìyà lọ́wọ́ ẹ̀yà kejì. Ẹ wò ó dáadáa: agbára, ìfaradà, ara. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ta ló ń bá ẹnikẹ́ni du góòlù? Òfin pápá ò sí fún máíkírówéèfù. Ní Amẹ́ríkà náà, Bọ̀dá Lékè, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Bọ̀dá Lékè, Houston

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹjọ́ Bostock, 2020, Supreme Court tiwa ní kò sí ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ lé èèyàn torí pé trans ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó pẹjọ́, ibi tí wọ́n ti ń sin òkú ni wọ́n ti lé e. Èmi gan-an, ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì wa, ó mọ Excel ju gbogbo wa lọ. Mi ò jẹ́ sọ fún un pé mò ń tẹ̀lé òfin Texas lórí eré sísá, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ìyá Tèmi, Manchester

Ẹ ṣé o, mo ti ti mítìn dé. Ìwádìí ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n mú ẹnì kan dání. Mo kà á láti inú ìwé tí mo kọ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo sọ ti "ó" yẹn bí Sístà Bùkọ́lá ṣe wí. Mánéjà lóun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ó pe Fúnkẹ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní ṣé lóòótọ́ ni. Fúnkẹ́ ní "yes, he is telling the truth". Èmi ló ń sọ o! Mánéjà ò lè di ẹ̀rín mú.

Ti ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi oúnjẹ, wọn ò fi ṣeré. Wọ́n fún mi ní ìkìlọ̀ ẹnu, wọ́n ní kí n tún ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà yẹn ṣe. Mo lọ bá ẹni yẹn fúnra mi, mo ní mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní ṣé tóun ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Mi ò rí èsì fọ̀. A ṣì jọ ń ṣe ṣífù òru lọ́jọ́ Saturday, a máa wò ó.

Ọkàn mi ò tíì yí lórí ti bọ́ọ̀lù o, kí ẹnikẹ́ni má rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tíìmù ọmọ mi ò tíì rí gólkípà. Wọ́n jẹ góòlù méje lánàá. Ọmọ mi wọlé, ó ju bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Mummy, ṣé ẹ lè bá wa dúró sójú ilé?