Mò ń lọ Skọ́tílándì lóṣù keje, kí ni kí n rí kí n tó padà wálé?

Ìyá_Ìbejì_Ìpẹ́rù

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ibí. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Dundee fẹ́ gboyè lóṣù keje, ó ní mi ò gbọdọ̀ má wá, físà sì ti jáde, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa lò. Mi ò fẹ́ lọ jókòó sí pálọ̀ ẹ̀ kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ilé á fi yá, torí bí mo ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí mo lọ Lọ́ńdọ̀n, ọjà àti ilé ni mo mọ̀, tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀ mo máa ń ní ó tutù. Ó ń tì mí lójú. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ mọ ilẹ̀ àwọn èèyàn yẹn, ìtàn wọn, oúnjẹ wọn, irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Mùsùlùmí ni mí o, kẹ́ ẹ ro ìyẹn mọ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹsẹ̀ mi ṣì le, mo lè rìn. Ṣé òótọ́ sì ni pé ojoojúmọ́ lòjò ń rọ̀ níbẹ̀?

Arójòjoyè_Òde

Ẹ kú oríire Mọ̀mí. Ẹ̀yin ọmọ arójò joyè lẹ wá ń bèèrè òjò? Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní Glasgow. Òjò tó ń rọ̀ ní Edinburgh lọ́dún kan kò tó èyí tó ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde rárá, àmọ́ tiwa á rọ̀ tagbáratagbára á sì dá, tiwọn á kàn máa ṣẹ́ winniwinni látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú ọ̀run á rí bí eérú, dreich ni wọ́n ń pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Apá ìwọ̀ oòrùn tí àwọn òkè wà lòjò ti ń rọ̀ ju tiwa lọ. Ẹ má dà á láàmú pẹ̀lú agbòjò, atẹ́gùn á yí i padà mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀wù òjò tó ní fìlà lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wá.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù rè é o, ẹ má pè wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ mo jókòó ti bàbá arúgbó kan nínú bọ́ọ̀sì, ó gbé báàgì ọ̀dùnkún lé itan, à ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ni mo bá ní ẹ̀yin Gẹ̀ẹ́sì ẹ mà fẹ́ràn tíì o. Háà. Bàbá yí gbogbo ara sí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí 1603, pé ọba àwọn, James, ló lọ gorí ìtẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n, kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì fogun mú àwọn, pé 1707 ni wọ́n pa ilé aṣòfin méjèèjì pọ̀, pé tàwọn tún ti padà sí Edinburgh láti 1999, ó rò ó títí ọkọ̀ fi kọjá ibi tó yẹ kó ti bọ́ sílẹ̀, ó ní kò burú, òun á fẹsẹ̀ rìn padà. Kò bínú o, ó kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni. Wọ́n dìbò ní 2014 bóyá kí wọ́n dá dúró, 55 nínú 100 ní rárá, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń gbóná, tí wọ́n bá ń sọ ọ́ ẹ gbọ́, ẹ má dá sí i.

Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ ló yẹ kó tètè yé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára yín tí ẹnì kan bá pè yín ní Ìjẹ̀bú.

Ṣàgámù_Lomi

Ìjẹ̀bú ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lónìí o! Ẹ yà á sórí fóònù kíákíá kó tó pa á rẹ́ 😂

Arójòjoyè_Òde

Mi ò ní ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀bú o. Mo ní ó máa ń dùn yín.

Ṣàgámù_Lomi

Bẹ́ẹ̀ náà làwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń sọ ọ́. Àti pé ẹ̀fẹ̀ ahun tí wọ́n ń fi ẹ̀yin Ìjẹ̀bú ṣe, òun gan-an làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi àwọn ará Skọ́tílándì ṣe, torí náà ẹ̀yin lẹ jọ wọ́n, kì í ṣe àwa.

Tíṣà_Òkè_Ẹ̀rì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ẹ má dá àwọn ọmọ yìí lóhùn.

Dundee tẹ́ ẹ ń lọ yẹn, ibẹ̀ ni Mary Slessor gbé dàgbà, ẹni tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé pé ó jà kí wọ́n má pa ìbejì mọ́ lápá Calabar. Aberdeen ni wọ́n bí i sí ní 1848, ṣùgbọ́n Dundee ló ti wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, á ṣiṣẹ́ fún ìdajì ọjọ́, á lọ ilé ìwé fún ìdajì tó kù. Okùn jute, irú èyí tí wọ́n fi ń hun àpò tí àwọn bàbá wa ń di kòkó sí, òun ló gbé Dundee ró láyé ọjọ́un. Wọ́n ti sọ ilé iṣẹ́ kan di mùsíọ́ọ̀mù, Verdant Works lorúkọ ẹ̀, wọ́n á tan ẹ̀rọ fún yín, ẹ̀yin náà á gbọ́ irú ariwo tí ọmọ ọdún 11 ń dúró sí. Ìyá ìbejì tó bá dé Dundee tí kò yà níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí ẹ máa sọ fún àwọn ọmọ yín.

Èkejì. Òkè-Ẹ̀rì ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀bá Erédò, odi àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni mo ti ṣeré dàgbà. Nígbà tí ọmọ mi gbé mi lọ wo odi kan tí wọ́n ń pè ní Antonine Wall lẹ́gbẹ̀ẹ́ Falkirk, mo ti múra òkúta àti bíríkì sílẹ̀ lọ́kàn. A débẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ni! Yàrà tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n wá fi iyẹ̀pẹ̀ àti koríko mọ odi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ewéko ti bò ó, mo ní ẹ gbà mí, Erédò rè é! Àwọn ará Róòmù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 142, kò ju bíi 60 kìlómítà lọ láti etí omi kan sí èkejì, wọn ò sì lò ó ju nǹkan bí 20 ọdún tí wọ́n fi pa á tì. Tiwa ju 160 kìlómítà lọ, ibòmíì wà tó tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi. Síbẹ̀ tiwọn ti wọ ìwé UNESCO tí wọ́n ń kọ ohun àjogúnbá àgbáyé sí láti 2008, wọ́n gé koríko ẹ̀, wọ́n kọ àkọlé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ ibi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sínú Erédò wa. Rough Castle ni kẹ́ ẹ bèèrè, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa rí àwọn kòtò kéékèèké lójú ilẹ̀ níwájú odi, wọ́n máa ń ri igi ẹlẹ́nu ṣóṣóró mọ́ inú wọn kí ọ̀tá lè já sí i. Mo dúró síbẹ̀ títí ọmọ mi fi ní Dádì ṣé kò sí.

Aláṣọ_Ìjẹ̀bú_Igbó

Aṣọ ni tèmi. Ẹ ti rí Ojúde Ọba, ẹ mọ bí régbérégbé kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọ tiẹ̀ tẹ́ ẹ ó ti mọ̀ wọ́n látòkèèrè. Tartan àwọn èèyàn yẹn nìyẹn, aṣọ onígun-mẹ́rin-mẹ́rin, ìdílé tibí ní tiẹ̀, tọ̀hún ní tiẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba ṣẹ́gun àwọn tó dìtẹ̀ sí i lójú ogun Culloden ní 1746 òfin jáde pé ọkùnrin tó bá wọ irú aṣọ yẹn ní apá orí òkè wọn (Highlands), ẹ̀wọ̀n ni, ó di 1782 kí wọ́n tó fagi lé e. Ẹ fojú inú wò ó kí ẹnì kan ní kẹ́ ẹ má wọ aṣọ òkè fún ọdún 36. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú àwọn àwọ̀ tí wọ́n pín fún ìdílé ìdílé yẹn, láyé àwọn bàbá bàbá wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tó to gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé bí àwọn ọlọ́jà ṣe máa ń pa á nítàn.

Kilt gidi ń jẹ tó yáàdì mẹ́jọ, ẹ̀yìn ni gbogbo ṣíṣẹ́ ẹ̀ wà, iwájú á tẹ́ pẹrẹsẹ. Tẹ́ ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń tà fún àlejò ní Royal Mile, òpópónà kan ní Edinburgh, ẹ yí ìborùn sódì kẹ́ ẹ ka lébẹ̀ẹ̀lì, tó bá jẹ́ acrylic ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Irun àgùntàn gidi á rin yín lọ́wọ́ díẹ̀, á sì wúwo. Wọ́n tún ní ìwé ìjọba tí wọ́n ń kọ tartan tuntun sí, ẹnikẹ́ni ló lè sanwó kó fi tiẹ̀ sílẹ̀, mo ti ń sọ fún ẹgbẹ́ wa.

Dèjì_onírìn

Ẹ wọ rélùwéè láti Dundee lọ Edinburgh. Bó ṣe ń kúrò báyìí á gorí afárá Tay, ẹ wo inú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ẹ ó rí kùkùté òpó afárá àkọ́kọ́ tó wó lulẹ̀ nínú ìjì ní 1879 tòun ti rélùwéè tó wà lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Lẹ́yìn náà ẹ ó gba afárá Forth, pupa báyìí, láti 1890. Ní Edinburgh tẹ́ ẹ bá gbọ́ gbòlà láago kan ọ̀sán ẹ má sá o, àgbá ààfin ni, gbogbo ọjọ́ àyàfi Sunday.

Tẹ́ ẹ bá ráyè lọ sórí òkè, ohun tó máa yà yín lẹ́nu jù ni pé ẹ lè rìn lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Òfin 2003 ló fún gbogbo èèyàn láyè, oko, igbó, etí odò, tẹ́ ẹ ò bá ṣáà ti ba nǹkan jẹ́ tẹ́ ẹ ò sì wọ ọgbà ilé ẹni. Kò sí ọmọ onílẹ̀ tó máa yọ jáde bi yín pé ta ló ní kẹ́ ẹ wá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo ń wẹ̀yìn ṣáá 😂. Àmọ́ kantíkantí ibẹ̀ lóṣù keje kò lójútì, midges ni wọ́n ń pè é, kò tó orí abẹ́rẹ́, á bò yín lójú tí atẹ́gùn kò bá fẹ́. Ẹ ra nǹkan fi para.

Ìyá_Ìbejì_Ìpẹ́rù

Ẹ ṣé ẹ ṣé, Tíṣà, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi lórí ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn. Haggis tí wọ́n ń pariwo ńkọ́? Kí làsìkò kírun?

Arójòjoyè_Òde

Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ni, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ oat, àlùbọ́sà àti ọ̀rá, wọ́n á sè é nínú àpòlúkù. Ẹni tó ń jẹ ìfun àti ṣàkì kò lè bẹ̀rù ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹni tó dú u ló kù, ẹ sọ pé ewébẹ̀ lẹ fẹ́, wọ́n ní haggis tí kò lẹ́ran, ó dùn. Black pudding, ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ kọjá ẹ̀. Gaàrí yín ẹ dì í dání, ẹ má dán ẹran gbígbẹ wò, wọ́n á gbà á ní ẹ̀pọ́ọ̀tù. Ti kírun, Mọ̀gàríbì á tó bí aago mẹ́wàá alẹ́, ilẹ̀ tún mọ́ kí ẹ tó sùn tán.

Owó tún kù! Báńkì mẹ́ta níbẹ̀ ló ń tẹ owó tiwọn, pọ́n-ún ni o àmọ́ àwòrán ẹ̀ yàtọ̀. Mo kó 60 lára ẹ̀ wá sílé, ẹni tí mo fẹ́ ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ ẹ̀ nà án sójú oòrùn, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní bọ̀ọ̀dá, èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ nílé yìí n kọ́.

Ìyá_Ìbejì_Ìpẹ́rù

Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú ṣá! Màá ná tèmi tán síbẹ̀.