Ṣé Júù lè kọ gospel? (Ọ̀rọ̀ Joshua Nelson)

ÁlítòOnírẹ̀lẹ̀: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹnìkan ju fídíò kan sórí WhatsApp kọ́yà wa lánàá, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ló ń kọrin, ó dé fìlà pẹlẹbẹ àwọn Júù yẹn, ohùn ẹ̀ sì dà bíi pé Mahalia Jackson, obìnrin olórin gospel ọmọ Amẹ́ríkà tó ti kú yẹn, ló jí dìde, àmọ́ Hébérù ló fi ń kọ ọ́! Wọ́n ní Joshua Nelson lorúkọ ẹ̀. Ọ̀gá kọ́yà wa ní ìyẹn kì í ṣe gospel, a fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé Júù ni lóòótọ́ àbí aṣọ ló wọ̀?

Dùùrù_kì_í_purọ́: Júù ni o, inú ẹ̀sìn yẹn ni wọ́n bí i sí. New Jersey ní Amẹ́ríkà ló dàgbà sí. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tó rí àwo Mahalia nílé àwọn òbí òbí ẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó parí. Ó lọ kàwé ní Ísírẹ́lì, ó padà wá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iléèwé Hébérù ti sínágọ́gù, ló bá gbé ohùn gospel wọ àdúrà wọn. "Kosher gospel" ló ń pè é. Kosher ni oúnjẹ tí òfin Júù gbà kí wọ́n jẹ, ẹ ò rí i pé ọkùnrin yẹn ní àwàdà.

Bàbá Sọ́ńdè: Gospel ni ìhìnrere. Ìhìnrere ta ni? Èmi ṣì wà lẹ́yìn ọ̀gá kọ́yà.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ Mi Chamocha nínú orin ẹ̀, Ẹ́kísódù 15:11 ni, "Ta ló dà bí ìwọ, Olúwa", orin tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n la Òkun Pupa já. Ẹ sọ fún mi, ọjọ́ ìsinmi wo la ò jó sí ọ̀rọ̀ yẹn?

Dùùrù_kì_í_purọ́: Ẹ ṣeun Màámi! Kí Júù àti gospel pàdé kò kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Níbi ìwọ́de ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington lọ́dún 1963, Mahalia kọrin tán, rábì (àlùfáà Júù) Joachim Prinz láti Newark, ní New Jersey yìí kan náà, ẹni tó sá fún Hitler ní Jámánì, ló bọ́ síwájú, òun ló sọ̀rọ̀ kí Martin Luther King tó dìde. Nelson náà ti bá àwọn Klezmatics ṣe àwo, ìyẹn báńdì àwọn Júù ní New York, ẹ gbọ́ ibi tí fèrè wọn ti ń bá dùùrù ṣọ̀tẹ̀ tó tún padà gbà.

ÁlítòOnírẹ̀lẹ̀: Mo ti gbé ẹsẹ Bíbélì Màámi sórí gúrúùpù o. Ọ̀gá ti kà á, tíìkì méjèèjì ti di búlúù, kò tíì fọhùn.