Ọ̀rinrin inú ínkúbétọ̀ lásìkò ọyẹ́: kí ló há àwọn ọmọ adìẹ mi mọ́ inú èèpo?

Ìbéèrè (Kubwa, Àbújá)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olùsìn adìẹ. Ọgbọ̀n ẹyin ni mo kó sínú ínkúbétọ̀ (ẹ̀rọ tí ń sàba lé ẹyin) kékeré kan tó ní fáànù. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ keje, mẹ́rìnlélógún ló ní ọlẹ̀. Ooru rẹ̀ kò yẹ̀ ní 37.5°C, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ju 30% lọ, nítorí ọyẹ́ mú gan-an. Nígbà tó di ọjọ́ 21, mẹ́tàlá péré ló jáde. Mẹ́jọ nínú àwọn tó kù ti fi ẹnu lu èèpo, wọn kò sì lè jáde. Nígbà tí mo là wọ́n, awọ inú ẹyin ti gbẹ mọ́ wọn lára bíi bébà. Mo ṣí ẹ̀rọ náà lọ́pọ̀ ìgbà láti fín omi sí wọn. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ìdáhùn (Kánò)
Ẹ kú ìrọ́jú. Omi ni kò tó, ṣíṣí tí ẹ sì ń ṣí ẹ̀rọ ló wá dá kún un, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni ìwọ̀nba ọ̀rinrin tó wà níbẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọyẹ́ ti gbẹ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ yín tún ń mú un gbóná: afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 40% nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 25°C yóò ku nǹkan bíi 20% bí ó bá gbóná dé 37.5°C láìrí omi fà mu. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn àwọn kan ní Èkó, pé kí a má bu omi rárá títí di ọjọ́ 18, kò fi bá Òkè Ọya mu lásìkò yìí.

Títí di ọjọ́ 18, ẹ jẹ́ kí ó wà láàárín 45% sí 55%. Ní ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn, tí ẹ ti dẹ́kun yíyí ẹyin padà, ẹ gbé e dé 65% sí 75%. Fífẹ̀ ojú omi ni ẹ ó wò, kì í ṣe jíjìn rẹ̀, nítorí náà abọ́ pẹrẹsẹ sàn ju ife tó kún lọ. Bí kò bá tó, ẹ ti fóòmù mímọ́ bọ inú omi náà, kí orí rẹ̀ yọ síta. Ẹ má sì torí ọ̀rinrin dí ihò afẹ́fẹ́ o.

Ìdáhùn (Zaria)
Òótọ́ ni ará Kánò sọ, ṣùgbọ́n èmi kì í gba ohun tí ń ka ọ̀rinrin yẹn gbọ́ bọ̀rọ̀. Ẹ bu iyọ̀ ìsebẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi sí i títí yóò fi dà bí iyanrìn tútù, kí ẹ gbé òun àti ohun tí ń ka ọ̀rinrin náà sínú ike tí a dé pinpin di ọjọ́ kejì. 75% ló yẹ kí ó kà.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni òṣùwọ̀n. Omi inú ẹyin ń gba ara èèpo jáde, àyè afẹ́fẹ́ ní ìdí rẹ̀ sì ń gbòòrò, níbi tí ọmọ adìẹ yóò ti kọ́kọ́ mí kí ó tó lu èèpo. Ẹyin tó wọn gíráàmù 60 yẹ kí ó ti sọ nǹkan bíi 3 nù ní ọjọ́ keje, kí ó sì ku nǹkan bíi 52 ní ọjọ́ 18. Bí ó bá ń fúyẹ́ jù, ẹ fi omi kún un. Bí kò bá fúyẹ́ tó, ẹ dín in kù. Nígbà òjò èṣí, ojoojúmọ́ ni mo ń bu omi, mo rò pé mo ń ṣe dáadáa, àfi bí àwọn ọmọ ṣe kú sínú ẹyin, tí ara wọn wú, tí wọn kò tilẹ̀ lu èèpo.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bí ọ̀rinrin bá wálẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń lu èèpo ńkọ́, ṣé kí n má ṣí i náà ni?

Ìdáhùn (Kánò)
Ẹ má ṣí i. Ẹ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò afẹ́fẹ́ dé inú abọ́ omi kí ẹ tó pa ẹ̀rọ dé ní ọjọ́ 18, kí ẹ máa fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ gba inú rẹ̀. Àwọn tó ti jáde kò ní kú fún ebi lọ́jọ́ kan, pupa ẹyin tó wọ inú wọn ni wọn yóò máa jẹ.

Olùbéèrè
Mo ti dán ti iyọ̀ wò. 67 ni tèmi kà, èyí tó fi hàn pé 30% tí mo ń rí nígbà yẹn tó nǹkan bíi 38%, kò sì tíì tó náà. Mo ti ra abọ́ pẹrẹsẹ méjì àti òṣùwọ̀n.