Dókítà ní "metabolic syndrome" ni mo ní, ṣé epo pupa ló fà á ni àbí kí ló ṣẹlẹ̀?

ỌmọBódìjà:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 46 ni mí, ọkùnrin, mi ò mu sìgá, níbiṣẹ́ ni wọ́n ti ní kí gbogbo wa lọ ṣàyẹ̀wò ara, mo kàn bá wọn lọ ni torí nǹkan kan ò ṣe mí. Èsì wá jáde báyìí: BP 138/88, ṣúgà kí n tó jẹun láàárọ̀ 108, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lápapọ̀ 212, LDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní burúkú) 131, HDL (èyí tí wọ́n ní ó dáa) 34, triglyceride (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) 236. Nọ́ọ̀sì tún fa tẹ́ẹ̀pù yọ, ó wọn ikùn mi, ó ní 104 sẹ̀ǹtímítà. Mo ní irọ́ ni, ṣòkòtò 36 ni mò ń wọ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní "Dádì, abẹ́ ikùn lẹ ti ń so bẹ́líìtì yẹn, ikùn gangan lèmi wọ̀n." Ojú tì mí díẹ̀.

Dókítà ní metabolic syndrome ni, ó kọ atorvastatin 20mg, oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, fún mi, ó ní oúnjẹ mi gbọ́dọ̀ yí padà, kí n padà wá lóṣù mẹ́ta. Látọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi ti kó epo pupa àti ẹyin kúrò nílé. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n kàn bọ̀ lómi ni mo fi ń jẹ̀bà báyìí, ọbẹ̀ yẹn ò sì lọ lẹ́nu, nítorí náà ẹ̀bà ni mo fi ń yó, màá wá fi mọ́ọ̀tì tútù kan tì í.

Ṣé àìsàn gidi lèyí àbí gírámà dókítà lásán? Wọ́n sì ní oògùn yẹn, béèyàn bá fi lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ti di ti ayérayé nìyẹn. Mi ò tíì gbé e mì o.

ÌyáLáàbù:
Bọ̀ọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́. Láàbù ni mo ti ń jẹun. Kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo, nǹkan márùn-ún tó máa ń rìn pọ̀ ni: ikùn tó yọ, BP tó tó 130/85 sókè, ṣúgà àárọ̀ tó tó 100, triglyceride tó tó 150, àti HDL tó kéré, ìyẹn tí kò tó 40 fún ọkùnrin tàbí 50 fún obìnrin. Téèyàn bá ti ní mẹ́ta nínú ẹ̀, orúkọ tí wọ́n máa pè é nìyẹn. Ti ikùn, ọ̀pọ̀ dókítà ń lo 94 sẹ̀ǹtímítà fún ọkùnrin nílẹ̀ wa, 80 fún obìnrin, àwọn míì ń lo 102 àti 88. Ẹ̀yin ti kọjá méjèèjì. Ká má parọ́, márààrún lẹ kó.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ jù ni pé ara ò fẹ́ gbọ́ ti insulin mọ́, ìyẹn nǹkan inú ara tó máa ń jẹ́ kí ara lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Gerald Reaven, ló là á sílẹ̀ lọ́dún 1988, Syndrome X ló pè é nígbà yẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń pariwo ẹ̀ ni pé ó máa ń ṣíwájú àìsàn ṣúgà, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, ẹni tó ní in á sì máa sọ pé nǹkan kan ò ṣe òun, bíi tiyín.

Mo fẹ́ bi yín, ṣé ẹ ò jẹ nǹkan kan fún wákàtí 9 sí 12 kí wọ́n tó gbẹ̀jẹ̀? Torí lọ́dọ̀ wa èèyàn á búra pé òun ò jẹun, tá a bá tún bi í dáadáa á ní "tíì nìkan ni mo mu", tíì onímílíìkì pẹ̀lú hóró ṣúgà mẹ́rin! Ìyẹn lè gbé triglyceride ga. LDL yín pàápàá, ìṣirò ni: 212, ẹ yọ HDL 34, ẹ pín 236 sọ́nà márùn-ún kẹ́ ẹ yọ ìyẹn náà, ó ku 131. Tí triglyceride bá fi kọjá 400, ìṣirò yẹn ò ṣeé gbára lé mọ́.

BàbáÌbejì_Peckham:
Àbúrò, ìyàwó ẹ fẹ́ràn ẹ, àmọ́ aládùúgbò ló lọ mú, olè ṣì wà nínú ilé. Epo pupa ò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kankan nínú, ara igi ló ti wá. Bí ìdajì ẹ̀ ṣe jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì ló lè gbé LDL ga, torí náà má dà á bí omi, ṣíbí kan nínú ọbẹ̀ ò pààyàn. Ẹyin kan lójúmọ́ náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ ẹ́ tí ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Triglyceride 236 yẹn, ẹ̀bà àti mọ́ọ̀tì ni kó o lọ bá wí! Gààrí àti ṣúgà tí ara ò bá rí lò, ẹdọ̀ máa ń sọ ọ́ di ọ̀rá, á wá tì í sínú ẹ̀jẹ̀. Bíà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Tèmi, GP (dókítà àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí) ka triglyceride mi fún mi pé 3.5, inú mi dùn, mo ní ó kéré nìyẹn, torí 200, 300 ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé. Mi ò mọ̀ pé òṣùwọ̀n míì, mmol, ni wọ́n ń lò níbí, tó o bá sọ ọ́ di mg/dL tilé, 310 ni! Mínírà ni mo kọ́kọ́ já sílẹ̀, ó wá kan bíà ọjọ́ Fúráìdeè. Ẹ̀bà ò kúrò o, Ìjẹ̀bú ni mí, àmọ́ ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, ẹja títọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀wà gbà nínú ìyókù, ẹ̀bà ò wá ju ìkúùkù mi lọ. Mo tún ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kó tó délé, mò ń fẹsẹ̀ rìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kílò méje kúrò lára mi. Lóṣù mẹ́fà ó di 1.8. Kò tíì wọlé tán, torí kò yẹ kó tó 1.7.

AgboÀtàtà:
Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ fẹ́ràn òyìnbó jù. Statin, irú oògùn tí wọ́n kọ fún un yẹn, ń ba ẹdọ̀ jẹ́!! Ẹ wá sí inbox, agbo mi á fọ gbogbo ọ̀rá yẹn dànù lọ́jọ́ 7.

ỌmọFámásì:
Owó ẹ̀ ló máa fọ dànù. Mi ò bá agbo jà o, ìyá mi ń ta ewé l'Ọ́jà Ọba, àmọ́ agbo tẹ́nì kan ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ má gbé e lé statin lórí, ẹdọ̀ kan náà ló máa bá méjèèjì yí. Statin fúnra ẹ̀, Akira Endo ará Japan rí àkọ́kọ́ ẹ̀ lára irú nǹkan tó máa ń hù sórí oúnjẹ tó ti bu, nígbà tó ń lọ bí ọdún 1973, torí náà ẹ má sọ pé tòyìnbó ni.

Ẹ̀gbọ́n ỌmọBódìjà, kì í di bárakú. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró, LDL á kàn rọra padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ máa lò ó nìyẹn. LDL yẹn ló ń wọ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ, òun ni statin ń bá jà jù, triglyceride á wálẹ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀ náà, ìyókù ọwọ́ àwo oúnjẹ yín ló wà. Àárọ̀ tàbí alẹ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ lè lo atorvastatin, simvastatin ni wọ́n máa ń ní kéèyàn lò lálẹ́. Ẹ má mu omi èso grapefruit (kì í ṣe grape o) lámujù sí i. Tí ẹran ara bá ń ro yín láìnídìí, tàbí tí ìtọ̀ yín dúdú bíi kóòkì, ẹ tètè lọ bá dókítà. Ti ẹdọ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn, nǹkan tó ṣọ̀wọ́n ni kó bàjẹ́ gidi, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọkàn yín á balẹ̀.

ỌmọBódìjà:
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Ìyá Láàbù, mo mu tíì lọ́jọ́ náà o, mi ò purọ́ 😩 màá tún un ṣe. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí ìyàwó mi létí, ó kọ́kọ́ bínú nítorí epo ẹ̀ tó kó fún àwọn ará ilé kejì, ló bá lọ mú tẹ́ẹ̀pù tó fi ń ránṣọ. Tèmi 105. Mo ní kó wọn tara ẹ̀ náà, ó jáde sí 96, ó dákẹ́, ó tún un wọ̀n, 96. Ó ti ń béèrè aago tí láàbù ń ṣí báyìí. Ó ní kí n bi yín, ṣé tíì tí ò ní mílíìkì tí ò ní ṣúgà náà ò dáa?

ÌyáLáàbù:
Omi nìkan, àǹtí.