Ọ̀gá mi ní mò ń "dig": ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀dẹ̀: Ẹ gbà mí o. Ọ̀gá wa òyìnbó ní Odògúnyàn ń pè mí ní lébìrà tó ń gbẹ́lẹ̀, lórí WhatsApp! Èmi tí mò ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí mò ń fowó ara mi ra dátà ṣiṣẹ́ wọn, tí wọn ò tíì san ofatáìmù mi. "Dig" ló kọ, gbangba.

Tíṣà Ìgbógbó: Ẹ kọ gbogbo gbólóhùn náà síbí. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé dig ló ń yí i padà. Dig up: kéèyàn hú ọ̀rọ̀ tó fara sin jáde. Dig into: kéèyàn yẹ nǹkan wò fínnífínní, tàbí kó máa ná owó tó ti fi pa mọ́. Dig in nídìí oúnjẹ: ó yá, ẹ máa jẹ. Dig in your heels sì ni ká fàáké kọ́rí.

Bọ̀dá Agric: Màdáámù, ẹ fọkàn balẹ̀. I dig it ni "ó wù mí". Àwọn olórin jáàsì aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ń sọ ọ́ láti àwọn ọdún 1930. Ó yìn yín ni.

Tíṣà Ìgbógbó: Ọ̀gá wo ló ń fi ìyẹn yin òṣìṣẹ́? Ẹ má ṣì í lọ́nà.

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀dẹ̀: Kò yìn mí o. Mo mọ èébú tí mo bá rí i.

Àǹtí Sábo: Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn jàre! Iṣẹ́ ò tán nílẹ̀.

Tíṣà Ìgbógbó: Gbólóhùn náà dà?

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀dẹ̀: "Was that a dig at me?" Mo kàn kọ ọ́ sí gúrúùpù ibiṣẹ́ pé àwọn tó ń dé ní aago mẹ́wàá náà ló ń bi èèyàn ìdí tó fi pẹ́. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Tíṣà Ìgbógbó: Háà! A dig, tí at bá tẹ̀ lé e, òkò ọ̀rọ̀ ni, bíi ká fi ìgúnpá gún èèyàn níhà. Ó ń bi yín bóyá òun lẹ ń bá wí. Ẹ dá a lóhùn pé: "No, it wasn't aimed at you. I'm sorry it came across that way." Ẹ má kọ "I wasn't digging you" o, ìyẹn á di pé ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ofatáìmù, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Bọ̀dá Agric: Ta ló wá ń dé ní aago mẹ́wàá?

Ìyá Ìbejì Ìjẹ̀dẹ̀: Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ti wọ íméèlì rẹ̀ láàárọ̀.

Tíṣà Ìgbógbó: Ẹ pè é lórí fóònù kó tó ṣí i. Ẹ má kọ nǹkan kan mọ́.